Asẹ́ tí Wàhídì Fọ̀

Ní Ìwó, bí alùpùpù bá ń wúkọ́, tí ó ń tú èéfín bí ẹni ń fín òkété jáde nínú ihò, ilé Wàhídì ni wọ́n ń tì í lọ. Àwọn ọlọ́kadà kì í pè é ní Wàhídì. Gbóhùn-Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń pè é, nítorí kò ní fọwọ́ kan sípánà títí yóò fi ní kí ẹni tó gbé ọ̀kadà wá tẹ̀ ẹ́ kó dún. Yóò dẹtí sí i bí ìyá ọmọ tuntun ṣe ń dẹtí sí ẹkún, yóò mi orí, yóò sì dá ẹjọ́: "Fáàfù rẹ̀ ló ń ṣe é," tàbí, "Òùngbẹ ọ́ìlì ló ń gbẹ ẹ́, o sì mọ̀, o kàn ń wò mí ni." Ìgbà mẹ́wàá tó bá sọ ọ́, mẹ́sàn-án ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kẹwàá, ó ní irọ́ ni ẹ́ńjìnnì náà pa fún òun.

Ọdún méjìlélógún ló fi jẹun nídìí iṣẹ́ yìí kó tó di pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ìyàwó rẹ̀, Rùkáyátù, gbé wọn dé Dallas. Láyé tiwa, ọkọ ló ń gbé ìyàwó wọlé. Ti Wàhídì, ìyàwó ló gbé ọkọ wọ̀lú. Kò tijú rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í ní mọ́ṣáláṣí pé kí ló gbé e dé Amẹ́ríkà, á ní, "Báàgì ìyàwó mi ni. Inú ẹ̀ ni mo wà."

Wọ́n gba ilé sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Lake Highlands. Khalid ọmọ wọn wọ yunifásítì ní Arlington, Rùkáyátù ń lọ sí ọsibítù, Wàhídì sì ríṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan níbi tí wọ́n ti ń di ọjà sínú páálí. Ọdún mẹ́rin ló fi lẹ páálí. Ọwọ́ tó ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ bí ẹni ń bó ọsàn wá di ọwọ́ tó ń fa téèpù. Kò ráhùn o. Gbogbo Àsùbáà ló ń dúpẹ́: ara le, ilé tòrò, ọmọ ń kàwé, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí alùpùpù kan bá ti kọjá lórí freeway nísàlẹ̀ wíńdò ibi iṣẹ́ wọn, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí páálí, etí rẹ̀ á nà. "Ṣéènì tọ̀hún ti dẹ̀," á wí fún ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í.

Waleed ló wá bi í. Ọmọ Ọ̀ffà ni Waleed, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí wọ́n gbé e dé Texas. Ó ti tó ẹni ọdún márùndínlógójì báyìí, ó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, Yorùbá rẹ̀ sì dà bí agbádá tí wọ́n fi jíìnsì rán: ó bo ara, ṣùgbọ́n èèyàn á wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mẹkáníìkì ni, ní ṣọ́ọ̀bù alùpùpù obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Sharon, ní Garland. Lọ́jọ́ kan, níwájú mọ́ṣáláṣí, alùpùpù Waleed fúnra rẹ̀ ń jí, ó ń kú, ó ń jí, ó ń kú. Wàhídì dẹtí, ó ní, "Wáyà kan ló ń kan irin lábẹ́ àga ẹ." Wọ́n gbé àga, wọ́n bá wáyà. Waleed dì mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n! Kí lẹ wá ń ṣe nídìí páálí?"

Bí Waleed ṣe lọ dúró fún un lọ́dọ̀ Sharon nìyẹn. Sharon gbà láti dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan, láti Ọjọ́ Ajé títí di Àbámẹ́ta. Bó bá yege, iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí kò bá yege, kó padà sídìí téèpù. Wàhídì gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́ páálí. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ó sọ fún Ọlọ́hun, ó sọ fún Rùkáyátù, ó sì bẹ àwọn méjèèjì kí wọ́n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ajé lọ dáadáa. Ìṣẹ́gun lọ dáadáa. Ní Ọjọ́rú, ó gbọ́ ohùn kan nínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tú lẹ́ẹ̀mejì tí wọn ò rí ìdí rẹ̀. Ó ní bẹ́árììnì kékeré kan ni. Bẹ́árììnì náà ni. Sharon mi orí lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin yìí kì í yinni. Ẹni tó bá mi orí sí lẹ́ẹ̀kan, kónítọ̀hún lọ ra àgbò ni.

Jímọ̀ ni ọ̀rọ̀ yí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Bridget gbé alùpùpù rẹ̀ wá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ó wọ bàtà bíi ti sójà. Ó ní Amarillo lòun ń lọ lọ́la. Ọmọ òun obìnrin fẹ́ bímọ níbẹ̀, òun sì fẹ́ kí ọmọ náà bá òun nílẹ̀. Bí ìrìn wákàtí mẹ́fà ni, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ gbalasa tó jẹ́ pé màlúù àti afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbébẹ̀.

"Ṣé ẹ ò lè wọ mọ́tò ni, mà?" Wàhídì bi í.

"Mọ́tò máa ń mú mi sùn," ni Bridget fi dá a lóhùn.

Sharon nàka sí alùpùpù náà, ó kọjú sí Wàhídì, ó ní, "Do the oil, do the filter." Ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, do. Níléèwé, ṣe ni tíṣà ní kó máa jẹ́. Ẹni tó bá sì ní kí wọ́n ṣe irun òun, kò ní kí wọ́n gé orí òun kí wọ́n gbé òmíràn sí i. Ẹni tó ní kí wọ́n bá òun ṣe àga, àtúnṣe ló ń wí. Fítà ọ̀kadà tí Wàhídì ti ṣe ní Ìwó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Asẹ́ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, asẹ́ wáyà, ó rí bí asẹ́ tíì kékeré. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi bẹntiróò fọ ìdọ̀tí ọ́ìlì kúrò lára rẹ̀, wọ́n á fẹnu fẹ́ ẹ fùù, wọ́n á dá a padà. Asẹ́ mìíràn wà tó sìnkú ẹni tó kọ́kọ́ ni ọ̀kadà, tó tún ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Ta ló ń sọ asẹ́ nù?

Ó tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì náà. Ohun tó bá níbẹ̀ kì í ṣe wáyà. Nǹkan róbótó kan ni, ìwọ̀n agolo mílíìkì, ó ṣẹ́ po yíká bí síkẹ́ẹ̀tì onípílíìtì, ọ́ìlì ti sọ ọ́ di dúdú. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Aṣọ ni tiwọn," ó wí lọ́kàn ara rẹ̀. "Ìlú tó rọ̀ṣọ̀mù." Ó bu bẹntiróò sínú ike, ó fọ asẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń fi ìka la àárín pílíìtì kọ̀ọ̀kan bí ìyá tó ń wẹ ọrùn ọmọ. Ó gbé e sórí fẹ́ǹsì. Oòrùn Dallas ò mọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti gbẹ. Ó dá a padà, ó da ọ́ìlì tuntun sí i, ó tẹ̀ ẹ́, ó dẹtí. Ẹ́ńjìnnì ń kọrin. Ohun tí Gbóhùn-Ẹ́ńjìnnì ò rántí ni pé àìsàn asẹ́ kì í lóhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó nu ọwọ́, ó yin Ọlọ́hun, òun àti Waleed wọ mọ́tò, ó di ìrun Jímọ̀.

Orí freeway ni wọ́n wà tí Waleed fi béèrè bí ẹni tí kò béèrè nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n, fítà èwo lẹ gbé sí ti màmá yẹn? Mi ò rí páálí ẹ̀ nínú garbage."

"Páálí kẹ̀? Ṣé páálí ni mo tún wá wá sọ́dọ̀ yín ni? Ti inú ẹ̀ náà ni. Mo fọ̀ ọ́."

Waleed wò ó. Ó wo ojú ọ̀nà. Ó tún wò ó.

"Ẹ ní ẹ ṣe kí ni?"

"Mo fọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Tó o bá rí ohun tó jáde lára ẹ̀, wàá bú sẹ́kún."

Ẹ̀rín tó gbé Waleed pọ̀ débi pé ó ní láti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó tan iná tó ń ṣẹ́jú, ó gbórí lé ọwọ́ ìtukọ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá, mọ́tò wọn ń mì.

"Bébà ni, ẹ̀gbọ́n! Bébà! Ẹ fi bẹntiróò fọ bébà!"

"Irọ́ lò ń pa. Aṣọ ni."

"Bébà ni, I swear. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, lókè, nísàlẹ̀. A kì í fọ̀ ọ́. A máa ń jù ú nù ni, ká gbé tuntun sí i. Do the filter, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀."

"Kí ló wá dé tí kò sọ pé kí n pààrọ̀ ẹ̀?"

"Ó kúkú sọ ọ́! Lédè tiwọn!"

Wàhídì ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó yá, ó rọra béèrè, "Bó bá gbóná ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Waleed díẹ̀díẹ̀. "Bẹntiróò á ti jẹ gọ́ọ̀mù yẹn. Tó bá wá gbóná dáadáa, bébà á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Á lọ dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà. Ọ́ìlì ò ní dókè mọ́." Ó nu ojú. "Ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì."

Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún Wàhídì ohun tí ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì lórí eré máa ń fi ẹni tó gùn ún ṣe. Táyà ẹ̀yìn á gan lójijì. Ó ti bá wọn sin ọlọ́kadà méjì tó bá irú rẹ̀ lọ. Ó rí Bridget pẹ̀lú irun òwú rẹ̀ lójú ọ̀nà Amarillo, màlúù ń wò ó, kò sẹ́nìkan nítòsí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni Waleed wí. "Aago mẹ́rin ló ní òun ń bọ̀ wá gbé e. Sharon máa ń jáde lọ jẹun ní aago méjì. A ó ti dé. Èmi á ṣí i, ẹ̀yin á dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti parí. Ta ló máa mọ̀?" Ó darí mọ́tò padà sójú ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo mú yín wá. Orúkọ mi wà ńbẹ̀."

Wàhídì kírun lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun nìkan ló mọ ohun tó kà. Ó foríkanlẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ ju lèmọ́mù lọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rò pé oorun ló gbé e. Ọdún mẹ́rin ló ti ń tọrọ nǹkan kan ṣoṣo ní ìforíkanlẹ̀, kó tún fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí ó tó kú. Wọ́n gbé e fún un, ó dì í mú fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì fi bẹntiróò fọ̀ ọ́ dànù.

Nígbà tí wọ́n sálámà tán, ó bọ́ síta, ó pe Rùkáyátù níbi iṣẹ́.

"Ìyá Khalid, mo ti ba nǹkan jẹ́ o."

"Kí lẹ bà jẹ́?"

Ó rò ó fún un látòkè délẹ̀. Fóònù dákẹ́. Ó rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ, àfi bó ṣe gbọ́ tí obìnrin náà ń mí bí ẹni tó di ẹnu ara rẹ̀ mú.

"Bàbá Khalid," Rùkáyátù wí nígbà tó rí ohùn, "ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti fẹ́ yín, ẹ ò fọ búláòsì mi kan rí. Bébà lẹ wá rí fọ̀ ní Amẹ́ríkà."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ o, Rùká."

"Mo mọ̀. Mo ti rẹ́rìn-ín tán. Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"Waleed ní ká yọ́ ọ pààrọ̀."

"Hẹn. Ẹ ó pààrọ̀ asẹ́. Èyí tó bá ti wọnú ẹ́ńjìnnì ńkọ́, ṣé ẹ mọ̀ bóyá nǹkan kan ti wọ̀ ọ́?"

Wàhídì ò mọ̀. Ó ti tẹ̀ ẹ́ kó dún fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ní wọ́ọ̀dù wa," Rùkáyátù ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "tí nọ́ọ̀sì bá ṣèèṣì fún aláìsàn lóògùn ẹlòmíì, kì í gbé e mì. Á sọ, á sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ lè mọ ohun tí wọ́n á máa ṣọ́ lára onítọ̀hún."

"Ṣé wọ́n ń lé irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ń lé òmíì. Aláìsàn á kúkú yè." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Mo fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọlọ́hun á fún yín ní ahọ́n tó dáa. Òyìnbó ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́ o, ẹ má lọ bú sí Yorùbá fún ọmọ ọlọ́mọ."

Nígbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù, alùpùpù Bridget ò sí níbi tí wọ́n fi í sí.

Sharon jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ń jẹ búrẹ́dì. "Bridget tètè dé," ó ní. "Mo ti gbé e fún un. Ó ní ó ń dún dáadáa."

Waleed wo Wàhídì. Ojú ló fi sọ ọ́: ó ti lọ, ẹ̀gbọ́n, ẹ pa á mọ́nú, ó lè má ṣe nǹkan kan. Òótọ́ sì ni, ó lè má ṣe nǹkan kan. Bébà mìíràn le ju bébà lọ.

"Mà," Wàhídì wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é padà. Mo fọ fítà ẹ̀."

Sharon ò jẹ búrẹ́dì mọ́. "O ṣe kí ni?"

"Mo fi bẹntiróò fọ̀ ọ́, mo dá a padà. Nílé wa, wáyà ni, fífọ̀ la máa ń fọ̀ ọ́. Mi ò mọ̀ pé bébà ni. Waleed ò mọ̀ nípa ẹ̀, ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lẹ́nu mi."

Sharon ti gbé fóònù kó tó parí ọ̀rọ̀. Ó pè é, ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ẹni tó wà lórí alùpùpù kì í gbé fóònù. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Wàhídì ń ka dídún rẹ̀ bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn Bridget jáde: ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń ta gaàsì nítòsí ilé rẹ̀, ó ń ra omi.

"Má tẹ̀ ẹ́ mọ́," Sharon wí. "Dúró síbẹ̀. Mò ń bọ̀ wá gbé e." Ó sọ fóònù sápò, ó ju orí sí Wàhídì pé kó wá wọ ọkọ̀.

Ìṣẹ́jú méjìlá ni wọ́n fi rin ìrìn náà. Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé bẹ́líìtì rẹ̀ ti fẹ́ já, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọjọ́ tí Wàhídì fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ẹnikẹ́ni.

Bridget dúró lábẹ́ ibòji, ó di ike omi mú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti alùpùpù náà gun ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n fi okùn dè é. Bridget wọ àárín wọn nínú ọkọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ta ló fọ fítà mi?"

"Èmi ni, mà."

"Ọṣẹ wo lo lò?"

Sharon yí ojú sí wíńdò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń wa ọkọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, Wàhídì da ọ́ìlì inú alùpùpù náà sínú bàsíà funfun, ó wò ó nínú oòrùn. Kò sí ẹyọ bébà kan nínú rẹ̀. Ó tú ìdérí, ó fa asẹ́ jáde. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, gọ́ọ̀mù ti tú, bébà ti yọ lára irin, ó lanu bíi bàtà àgbàlagbà. Bí wọ́n bá ti rìn dé àárín ọ̀nà Amarillo, kò ní jẹ́ ẹnu nìkan. Bridget tẹ̀ wá sílẹ̀ wò ó.

"Alihamudulilahi," Wàhídì wí. Kò mọ̀ pé òun sọ ọ́ síta.

Sharon nàka sí ògiri tí wọ́n kó fítà sí. Mẹ́ta ni irú èyí tó bá alùpùpù náà mu, àwọ̀ páálí wọn yàtọ̀ síra. "Mú ọ̀kan."

"Ẹ dúró ná," ni Bridget wí. "Èmi ni màá gùn ún." Ó kọjú sí Wàhídì. "Èwo ló máa gbé mi dé Amarillo?"

Wàhídì wo páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan ní àwòrán iná lára, èkejì ní orúkọ ńlá, ẹ̀kẹta funfun lásán. Páálí ni iṣẹ́ tó ti ṣe fún ọdún mẹ́rin. Ó mọ̀ pé páálí kì í sọ òótọ́ nípa ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó lọ sídìí gáábéèjì, ó ṣà lára àwọn fítà tí wọ́n ti lò tán, ó rí oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gbé wọn sórí tábìlì, ó fi ọ̀bẹ là wọ́n.

"Ìyá mi," ó bẹ̀rẹ̀, Òyìnbó rẹ̀ ń gba ọ̀nà Ìwó bọ̀, "ògì ló ń ṣe tà."

"Kí ló ń jẹ́ ògì?" Sharon bi í.

"Oúnjẹ ni. Wọ́n á lọ àgbàdo, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ. Èmi ni mo máa ń bá a di etí asẹ́ mú. Ohun tó dáa á kọjá sínú omi, èèrí á kù lókè. Bí aṣọ bá fẹ̀ lójú jù, èèrí á bá a kọjá. Bó bá ki jù, ẹ ó sẹ́ ògì títí oòrùn á fi wọ̀, omi ò ní lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá mi máa ń nà mí lé lórí ju gbogbo ẹ̀ lọ ni etí. Aṣọ ì báà dára tó, bí etí ẹ̀ ò bá dì mọ́ ìkòkò, ẹ̀gbẹ́ ni èèrí á gbà wọlé."

Ó fa bébà àkọ́kọ́, ti páálí oníná, gbọọrọ. Pílíìtì rẹ̀ ò pọ̀, òmíràn sún mọ́ra, òmíràn jìnnà síra. Etí rẹ̀ kì í ṣe irin, páálí ni wọ́n fi ṣe é. Wàhídì fi èékánná tọ́ ọ, páálí náà ṣí kúrò. Ó gbé e tì. Ti èkejì, pílíìtì rẹ̀ tò dáadáa, irin ló wà létí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fi ìka tẹ rọ́bà tó wà lẹ́nu ihò, rọ́bà náà le bí igi, kò padà. "Èyí ò ní dì mọ́ ìkòkò," ó wí. Ó la ẹ̀kẹta, ti páálí funfun. Pílíìtì pọ̀, wọ́n ṣe déédéé bí irun tí wọ́n fi sùúrù dì. Ibi tí orí bébà ti pàdé ìdí rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gbá a pọ̀. Irin inú rẹ̀ nípọn, ihò rẹ̀ mọ́. Ó tẹ rọ́bà, rọ́bà wọlé, ó padà jáde bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé. Ó fi ìka yí etí rẹ̀ ká pátápátá kó tó sọ̀rọ̀.

"Èyí ni, mà. Èyí ni mo máa fi sí ti ìyá mi."

"Ṣé ìyá ẹ ń gun alùpùpù?" Bridget béèrè.

"Ó ti gbé ẹ̀yìn mi rí. Ó ní Ọlọ́hun má jẹ́ kóun tún rí irú ẹ̀ mọ́."

Sharon mú fítà kejì tó ní orúkọ ńlá lára, òun náà fi ìka tẹ rọ́bà rẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Èyí ló ti ń tà jù láti bí ọdún mẹ́sàn-án.

Wàhídì mú tuntun irú ẹ̀kẹta lára ògiri, ó gbé e sí i. Kó tó dé e, ó fi ọ́ìlì tuntun ra rọ́bà náà yíká, kí ó lè jókòó. Ó da ọ́ìlì, ó dì í, ó tẹ̀ ẹ́. Kò gbára lé etí lọ́tẹ̀ yìí. Ó kúnlẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò, ó dúró kó gbóná, ó tún kúnlẹ̀ wò ó. Bridget de akoto mọ́rí. Ó gbá Wàhídì léjìká, ó ní, "Tó bá jẹ́ ọkùnrin, a ò ní sọ ọ́ ní orúkọ ẹ. Ó ṣòro pè. Àmọ́ màá sọ fún un." Ó lọ.

Sharon wọ ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn.

Wàhídì fọ ọwọ́. Ó nu tábìlì, ó kó sípánà sípò, ó to wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù, bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn àlejò kó tó kúrò nílé onílé. Waleed dúró tì í, kò mọ ibi tó máa fi ojú sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá ti dákẹ́."

"O rí bébà yẹn."

"Mo rí i." Waleed họ irùngbọ̀n. "Ẹ má bínú. Ẹ̀rù ti iṣẹ́ tèmi ló ń bà mí."

"Kí ni wàá ṣe tí ẹ̀rù ò ní bà ẹ́? O lọ́mọ mẹ́ta."

Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí. Sharon jáde, ó gbé aṣọ kan lọ́wọ́, ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú tí àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀ máa ń wọ̀. Ó jù ú sí Wàhídì láyà. Wọ́n fi òwú pupa kọ orúkọ sí àyà rẹ̀: Travis.

"Travis ti kúrò níbí," Sharon wí. "Ó máa gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kọ tìẹ. Títí dìgbà yẹn, ìwọ ni Travis. Má wá lọ́la, lọ sinmi. Ajé, aago mẹ́jọ. Ohun tó ò bá mọ̀, béèrè. Ohun tó bá wù ẹ́ láti fọ̀, béèrè lẹ́ẹ̀mejì." Ó yí padà, ó tún yí wá. "Kí o sì kó gbogbo àwọn onírọ́bà líle yẹn kúrò lára ògiri mi."

Wàhídì fẹ́ dá a lóhùn. Òyìnbó sá. Yorùbá sá. Ó wá di aṣọ náà mọ́ àyà, ó tẹrí ba bí ọmọ Ìwó, Sharon sì mi orí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló mì í. Waleed kà á.

Rùkáyátù ti dé láti ibi iṣẹ́ kí Wàhídì tó wọlé. Ó ṣílẹ̀kùn fún un, ó wò ó lójú, kò lè ka ohun tó wà níbẹ̀. Ó wo àyà ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀.

"Ta ni Travis?"

"Èmi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọ̀sán yìí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á kọ Wàhídì."

Ó yé obìnrin náà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí, ó ké igbe ọpẹ́ kan tí aládùúgbò ìsàlẹ̀ á gbọ́. "Ọlọ́hun ọba! Ẹ káàbọ̀, Àlàájì Travis! Ẹ̀yin tí mo fi báàgì gbé wá!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń wá fóònù láti pe Khalid, ó sì ti gbàgbé ibi tó gbé e sí.

Wàhídì ò dé ibi àga. Níbẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ibi tó yẹ kó kọjú sí, ó foríkanlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú lọ́rùn, bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Kò tọrọ nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Rùkáyátù padà wá, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó rọra bọ́ ọ fún un, ọ̀kan, èkejì, kò sì dí i lọ́wọ́.